Iwe Adìẹ Tó Wà Nínú Ìkòkò Màmá

Nàfíù àbúrò mi,

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ, mo kí lánlọ́ọ̀dù yín náà. Ara wa le ní Ìmẹ̀kọ níbí, ọyẹ́ nìkan ló ń bá wa fínra. Ìrẹsì ti wọ́n gan-an látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa, ẹ̀bà là ń jẹ.

Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá se ọbẹ̀ ọyẹ́ rẹ̀. Ó pa àgbébọ̀ kan tó ti gbó, ó kó o sí ìkòkò amọ̀ pẹ̀lú irú àti ata gbígbẹ, ó gbé e sórí iná èédú tí ò le. Àárọ̀ ló gbé e kaná, ìrọ̀lẹ́ ló tó rọ̀, ló wá já efinrin sí i.

Mo nawọ́ sí iwe, Màmá gbá mi lọ́wọ́. "Mẹ̀dínátù, ọkùnrin ilé ló ni ín. Nàfíù ń bọ̀."

Mo ní, "Ìgbà wo, Màmá?"

Ó ní, "Tí wọ́n bá ti ṣí bọ́dà."

Nàfíù, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́. Ṣé Kùtọnu lò ń gbé ni? Bọ́dà wo ló wà láàárín Jọ́s àti Ìmẹ̀kọ? O rí i pé Màmá ò mọ ọ̀nà Jọ́s, lo bá ń purọ́ fún un.

Mi ò tíì tú ẹ fó. Iwe yẹn ṣì wà nínú ìkòkò, Màmá ń gbé e gbóná láràárọ̀ kó má baà kan. Jọ̀ọ́, ra súwẹ́tà kan fún un, kó o mú un wá fúnra ẹ. Ọlọ́run á ṣọ́nà fún ẹ. Tó o bá pẹ́, màá jẹ iwe yẹn, màá sì sọ ìdí ẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Mẹ̀dínátù