Má Fi Ìtọ̀ Ṣúgà Ẹ Pa Mọ́ Fún Ọ̀gá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tí ò ń gún lójoojúmọ́ dùn ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa náà wà dáadáa. Àwa tí mo wí yìí, èmi àti káfíńtà ni, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́, torí kò tíì ju oṣù méjì lọ tá a ṣègbéyàwó.

Fọ́ọ̀mù tí o yà ní fọ́tò ti dé sórí fóònù. Mo ti mú bíírò kí n bá ẹ kọ ọ́ sórí gíláàsì rẹ̀, káfíńtà ló gbà á lọ́wọ́ mi. O ní ilé ìtẹ̀wé ti ní àwọn fẹ́ ọ, Ọjọ́bọ̀ lo máa fọwọ́ síwèé, àti pé níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá àìsàn wà lára ẹ, o fẹ́ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí iṣẹ́ má baà bọ́. Ọmọ mi, má kọ ọ́. Mo wo àpótí tí wọ́n yà fún àìsàn yẹn dáadáa, kò tó bọ́tìnnì, ti orúkọ olóògbé bàbá ẹ gùn jù ú lọ fíìfíì. Ká ní wọ́n ń bẹ̀rù àìsàn, ṣé ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa fún un?

Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan, má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Nígbà tí káfíńtà ní òun fẹ́ fi mí ṣaya, kí n tó dá a lóhùn ni mo sọ fún un pé làkúrègbé wà ní orúnkún mi, pé tí mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, dídìde di ogun. Ó mú téèpù, ó wọn ẹsẹ̀ mi láti ilẹ̀ dé orúnkún, mo ní ó parí, pósí lọkùnrin yìí fẹ́ kàn fún mi. Ọjọ́ kẹta ló gbé àga gíga kan wá, mo jókòó, mo dìde wẹ́rẹ́, mo sì gbà fún un.

Ìwọ náà, wọ́n ti ní àwọn fẹ́ ọ, o ò sì tíì fọwọ́ síwèé, àsìkò ẹ̀ nìyí. Wí fún ọ̀gá pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe mí, mo sì mọ bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa jẹun lásìkò, kí ẹ fún òògùn mi láyè nínú fíríìjì, iṣẹ́ yín ò ní dúró." Má wolẹ̀ tí o bá ń sọ ọ́.

Má bínú, mo ti pe nọ́ńbà tó wà lókè fọ́ọ̀mù. Mi ò dárúkọ ẹ o, mi ò sì dárúkọ àìsàn. Mo kàn bi obìnrin tó gbé e bóyá wọ́n ní fíríìjì. Ó ní àwọn kì í ta fíríìjì, ìwé làwọn ń tẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́ rà á, ṣé ó ń tutù ni mo fẹ́ mọ̀. Ó lọ wò ó, ó padà wá, ó ní ó ń tutù dáadáa, mà. Àwọn tó lè dìde lọ wo fíríìjì torí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n á gbọ́ tìẹ.

Ìpè yẹn ti jẹ owó fóònù mi tán, bá mi fi díẹ̀ sí i, torí tí Ọjọ́bọ̀ bá lọ tí o ò pè mí, èmi ni màá pè ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú ọ̀gá rọ̀ sí ẹ. Ẹnu tó o fi sọ òótọ́ yẹn náà ni wàá fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́ ẹ, lásìkò.

Èmi ni ìyá ẹ,
ìyàwó káfíńtà.