Mítà Tí Kò Mọ̀ Ju Òdo Lọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ àdúgbò mi. Ọkọ mi máa ń gbọ́ yín níbi iṣẹ́.

Ó ń sin ẹja òkun àti iyùn tó ń hù bí òdòdó nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wa. Omi ẹ̀rọ ń pa wọ́n, ló bá ní ká ra ohun tí a ó fi máa sẹ́ omi. Àbúrò rẹ̀, tí èmi náà ń pè ní ọkọ mi, ń tà á. Ó gbé ọ̀kan wá, ó sẹ́ omi sínú ife, ó ti mítà tó ń ka ìdọ̀tí bọ̀ ọ́.

"Òdo! Ìyàwó wa, wò ó!"

Ó gbàgbé mítà náà sílẹ̀. Mo tì í bọ omi ẹ̀rọ: òdo. Mo tì í bọ omi iyọ̀ ẹja: òdo. Omi tí mo fi fọ ìkòkò ńkọ́? Òdo náà ni!

Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní mo kórìíra ẹbí òun. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbé ohun tó ń sẹ́ omi náà kọ́.

Láàárọ̀ yìí, àbúrò rẹ̀ pè mí. Kò béèrè ẹja, kò béèrè ọmọ. "Ìyàwó wa, o ò fọwọ́ kan mítà mi, àbí?"

Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́: tí mo bá fọwọ́ kàn án, kí ló ń bà á lẹ́rù?