Ohun Tó Ń Kan Nínú Ọkọ̀ Pupa

Amúwo-Ọ̀dọ̀fin,
Èkó.
Ọjọ́ Àìkú.

Abdulbasit, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo sì kí ilẹ̀ Abẹ́òkúta tó gbà ọ́ lálejò. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé o sì ń jẹun? Èmi wà, Àlùhámúdùlílàhì, àmọ́ àyà mi ni kò tíì balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún ọ lórí fóònù pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa ti bàjẹ́, o ò gbé ìpè mi mọ́, mo sì gbọ́ pé o ò gbé ti ẹlòmíì náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Bọ̀dá Àmúsà, awakọ̀ tánkà tó ń gbé ní Satellite Town, ni mo fi rán, torí ó ń lọ já epo lọ́dọ̀ yín lónìí. Jọ̀ọ́, kà á dópin.

Rántí ọjọ́ tí o wálé kẹ́yìn, tí o jókòó sínú ọkọ̀ náà, tí o so wáyà láptọ́ọ̀pù rẹ mọ́ abẹ́ sítíárì. Mo bi ọ́ pé kí lò ń ṣe. O ní, "Màámi, ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná ni mò ń sún síwájú díẹ̀. Bó bá ti ń tètè ṣáná, ọkọ̀ yín á máa fò." Òótọ́ lo sì sọ. Nígbà tí mo wà á dé Apple Junction, ńṣe ló ń sá bí ìgalà. Mo fi ọ́ yangàn káàkiri àdúgbò. O tún kìlọ̀ kí o tó lọ pé bí mo bá gbọ́ tí nǹkan ń kan nínú ẹ́ńjìnnì, kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Mo ní mo ti gbọ́. N ò mọ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, epo wọ́n. Ilé epo tí mo máa ń lọ ti pa, mo bá ra èyí tí mo rí lójú ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bernice, ọmọ aládùúgbò wa tó lóyún, gbá ilẹ̀kùn mi. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ó di ara ògiri mú, ó ní, "Màmá Basit, ẹ gbà mí, omi ti dà." N ò dúró wá ìborùn. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọ̀nà ọsibítù rẹ̀ lápá Satellite Town.

A ò tíì rìn jìnnà lójú títì márosẹ̀ tí mo fi gbọ́ ọ. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, tó wá ń mì ín. Bí mo bá tẹ iná, á le sí i. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, á rọlẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Tánkà ń bẹ níwájú mi, tánkà ń bẹ lẹ́yìn mi, òórùn epo sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo ń rò ni pé bí nǹkan yìí bá gbiná níbí, kì í ṣe àwa méjì nìkan ló máa jó.

Bernice ń pariwo lẹ́yìn, "Mà, ẹ sáré! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!" Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ń dún létí mi pé kí n gbé ẹsẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Bí mo bá sáré, ẹ́ńjìnnì lè fọ́ sáàárín tánkà. Bí n ò bá sáré, ó lè bímọ sójú títì, tàbí kí ohun tí n ò fẹ́ fẹnu mi pè ṣẹlẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀. Mo ń wọ́ lọ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè, wọ́n ń ṣẹ́ èpè lé mi. Èmi ń ké "Yá Látíìfù", Bernice ń pe Jésù. Ó na ọwọ́ síwájú, ó fún mi léjìká, èékánná rẹ̀ sì wọlé ṣinṣin. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

A ti ń rí géètì ọsibítù lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí nǹkan bú gbàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èéfín bo gíláàsì, ọkọ̀ kú. Mo já sílẹ̀, mo fa Bernice jáde, a fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. N ò bojú wẹ̀yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì bí ọkùnrin. Ìyá yè, ọmọ yè. Àmọ́ dókítà ní bó bá pẹ́ sí i díẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ. Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Àná ni Ọláńrewájú mẹkáníìkì wa tú ẹ́ńjìnnì. Ó fi písítìn kan hàn mí. Orí rẹ̀ ti lu, bí iṣu tí eku jẹ. Mo ń retí kó bú ọ, kò bú ọ. Ó ní, "Mà, ọmọ yín mọṣẹ́. Epo tó dáa ló fi wọ̀n ọ́n, àdàlù sì ni èyí tẹ́ ẹ rà; bí plọ́ọ̀gì bá tètè ṣáná sí irú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kan. Kò kàn fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ burúkú ni." Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú, ó ní, "Ọkọ̀ ta ló tún bá ṣe?"

Richard, ọ̀rẹ́ rẹ ní Festac, ni ọkàn mi lọ bá, torí ọjọ́ kan náà lo ṣe tiẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo gba ilé rẹ̀ lọ. Géètì wà ní títì. Ọlọ́dẹ ní Richard àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ti gbéra lọ sí Benin, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n sì ti lọ. Mo pè é, mo pè é, kò wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọlọ́dẹ, mo ń wo ojú títì bí ẹni pé màá rí wọn kí wọ́n yí padà.

Abdulbasit, n ò kọ̀wé láti dá ọ lẹ́bi. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo mọ gbogbo ọkọ̀ tí o fọwọ́ kàn, ìwọ nìkan lo sì mọ ibi tí o sún ìgbà tí plọ́ọ̀gì wọn ń ṣáná dé. Pe àwọn olówó wọn. Sọ fún wọn kí wọ́n rọra, kí o sì lọ dá a padà fún wọn síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá bú ọ, gbà á mọ́ra. Èébú kì í so mọ́ni. Mo bẹ̀rù èéfín ọjọ́ yẹn, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ ń bà mí lẹ́rù jù ú lọ.

Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ di ẹkún nínú ilé ẹnikẹ́ni. Yóò là ọ́ lóye, yóò fún ọ ní ọkàn láti ṣe ohun tó yẹ. Àlàáfíà ni wàá fi bá mi, àlàáfíà ni màá fi rí ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń retí ohùn rẹ,
Nùsírátù.

Mo tún rántí: Rárá o, n ò rántí, Richard ló pè. Mo ti ń lẹ àpò ìwé pọ̀, Bọ̀dá Àmúsà sì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Richard ní nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan nínú ọkọ̀ àwọn nítòsí Orè, òun sì ti pa á. Àwọn ti wọ ilé àlejò kan níbẹ̀, ọmọ wọn ń sunkún. Mo ní kó má ṣíná ọkọ̀ náà mọ́. Ó ní, "Mà, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu Abdulbasit ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Bílẹ̀ bá mọ́ tí n ò gbúròó rẹ̀, màá ṣí i, a ó máa lọ." Bí o bá ti ka ibí yìí, má tíì pè mí. Richard ni kí o kọ́kọ́ pè.