Téèpù Kan, Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Gbogbo ilé ń kí yín. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Màmá ṣiṣẹ́ gan-an, orúnkún wọn ti rọlẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má gbàgbé òun nínú ìkíni. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àbúrò wa ọkùnrin ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Àpá ẹgba tó wà lẹ́yìn èyí àárín nìkan la rí. Bàbá wọn ní, "Òun nìkan ló lágídí, mi ò fọwọ́ kan àwọn yòókù." Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé, "Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Gbé téèpù rẹ, kó o wọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ìbàdí àbíkẹ́yìn kò fi nǹkan kan ju ti èṣí tó wà nínú ìwé ìwọ̀n aṣọ mi lọ, ebi ni. Èyí àgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò ní àpá kankan, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fa téèpù yọ ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò wúlò." Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń na tirẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà báyìí. Àbúrò wa kì í kí mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ló ń bẹ̀rù.

Ẹ ṣeun, ojú yín ò ní ríbi. Lánàá, mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ àbíkẹ́yìn kó lè gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi máa dùn láti tú ohun tí mo fọwọ́ ara mi rán.

Àbúrò yín, aránṣọ