Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lọ́jọ́ Ìkórè

Ẹ̀gbọ́n mi Senyo,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ nínú oòrùn Tamale yẹn. Ìyá wa ń jẹ akple dáadáa, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ara tèmi náà ti yá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí ọkọ mi, tó jẹ́ alàgbà ìjọ wa, á gbọ́, ó sì ti ní kí n má dójú ti òun. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n pè mí kí n wá jẹ́rìí. Bí àwọn èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́, mo bá ní àdúrà nìkan ló wò mí sàn, mi ò lo oògùn kankan, Ọlọ́run lẹ́rìí mi.

Ọ̀rẹ́ mi Dzigbodi, tá a jọ ń kọrin, délé, ó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ sí ṣáláńgá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú báyìí, òòyì sì ń kọ́ ọ. Láàárọ̀ àná, mo lọ jẹ́wọ́ fún un. Ṣe ló bú sẹ́rìn-ín.

"Kafui, Sàtánì ló ń fi ẹnu ẹ dán mi wò. Ṣé ìwọ lo máa fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí irọ́ níwájú pẹpẹ?"

Mo fi páálí oògùn hàn án. Ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rà á ni.

Ẹ jọ̀ọ́, tí dírẹ́bà bá ti fún yín ní lẹ́tà yìí, ẹ pe Dzigbodi, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ fi oògùn yẹn ránṣẹ́ sí mi. Kí Ọlọ́run dá a sí, kó sì máa ṣọ́ yín. Orúkọ Rẹ̀ ni mo fi parọ́. Orúkọ wo ló wá kù tí mo fẹ́ fi sọ òtítọ́?

Àbúrò yín,
Kafui