Ẹni Tí Ó Ń Gbààwẹ̀ Lẹ́yìn Ìṣínu

Èmi, Salome Àjọkẹ́ Fágbèmí, ọmọ bíbí Igbodigo tí mo fi Òkìtìpupa ṣe ibùgbé, ni mo ń sọ bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ohun ìní mi lẹ́yìn ikú mi. Orí mi pé. Yíyẹ ọkàn àti ìwà ẹ̀dá wò ni iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ṣe wàhálà àtiyẹ tèmi wò. Benedict, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni kí ó mú ìwé yìí ṣẹ, nítorí kì í gba ẹ̀bẹ̀.

1. Ilé mi ní Òkìtìpupa kò gbọdọ̀ di títà. Àwọn ọmọbìnrin tí oúnjẹ ti di ọ̀tá wọn ni kí ó máa gbé ibẹ̀ títí ara wọn yóò fi le. Ambrose àbúrò mi ti ń wo ilé náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ó ní ilé ọtí ni òun yóò fi ṣe. Ambrose, mo ti gbọ́. Ojú lásán ni o máa fi wò ó.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mi ní 1963, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àìsàn òyìnbó ni. Ta ni yóò ní oúnjẹ nílẹ̀ tí yóò fi ebi pa ara rẹ̀? Ọ̀gá mi wá láti yunifásítì, ó ń bi àwọn ọmọ ilé ìwé bóyá wọ́n sanra. Gbogbo wọn dáhùn pé àwọn dúpẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Háà! Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ Ìkálẹ̀ pé ó sanra, ó kí i ni. Kí ni ọmọ ọ̀hún ì bá tún sọ bí kò ṣe ọpẹ́? Èmi kò béèrè ọ̀rọ̀ sísanra. Mo béèrè ta ni ó ṣì ń gbààwẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọ ti ṣínu. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Èmi ni mo ronú kan ìbéèrè yẹn, n kò sì ní í fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́ nínú ìwé ìhágún mi.

2. Oko ọ̀pẹ mi ní Iyansan di ti Ambrose, kí ó má baà ní mo fi òun sílẹ̀ lófo. Kí ó gba òṣùwọ̀n onírin mi náà, kí ó máa fi wọn ekùrọ́. Kò sí ọmọbìnrin tí a óò tún gbé gùn ún lójú èrò nínú ilé mi.

3. Gbogbo ewúrẹ́ mi di ti Agatha, ìyá Morọ́láyọ̀. Morọ́láyọ̀ ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ìbéèrè mi mú jáde. Ìjọ Aládùúrà wọn ń yìn ín pé ẹni ẹ̀mí ni. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń já bọ́ lára ọmọ. Mo sọ pé ààwẹ̀ náà kì í ṣe ti Ọlọ́run, pé ẹ̀rù oúnjẹ ló ń bà á. Agatha pè mí ní kèfèrí, kò kí mi mọ́. Ọjọ́ tí ọmọ náà dákú nínú ìsìn, Agatha pọ̀n ọ́n wá sílé mi bí ọmọ ọwọ́, ọmọ tí ó ti tó gbé níyàwó. Èmi àti Morọ́láyọ̀ jọ ń jẹ púpurú nínú àwo kan, n kì í sì í wo ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá mi du ẹja tó kù nínú ọbẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún ayọ̀. Agatha, mo fẹ́ràn rẹ. Má pa ewúrẹ́ náà tán ní Kérésìmesì.

4. Fún Adébọ̀wálé, tí ó ní òun yóò fẹ́ mi bí mo bá parí ìwádìí, mo fi ìkíni sílẹ̀. N kò tí ì parí.

5. Fún Morọ́láyọ̀, tí ó ti di nọ́ọ̀sì, tí ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ nínú ilé mi, n kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo gbàgbé rẹ̀. Lọ́yà ló ṣàlàyé pé ẹni tí yóò jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé. Mo bi Morọ́láyọ̀ léèrè èyí tí ó fẹ́ nínú méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fún òun ní bírò.

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹ̀rí mi nìyẹn. Ó sanra, a dúpẹ́.

Mo fọwọ́ mi sí i ní Òkìtìpupa, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, 1973:
Salome Àjọkẹ́ Fágbèmí

Lójú àwa ẹlẹ́rìí:
Lazarus Olúyọmí, tíṣà
Morọ́láyọ̀ Ìbítáyọ̀, nọ́ọ̀sì