Pásíwọ́ọ̀dù Tí Gbogbo Àdúgbò Mọ̀

                                        Ìsọ̀ Atúnfóònùṣe,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àna mi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Iṣẹ́ olùkọ́ orí kọ̀ǹpútà ńkọ́, ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń gbọ́ yín ketekete? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí mo wá so ẹ̀rọ wáífáì mọ́ ògiri pálọ̀ yín, ẹ ní kí n fi pásíwọ́ọ̀dù tó le sí i, torí orí rẹ̀ ni oúnjẹ yín wà. Mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, ṣebí iṣẹ́ mi ni. Ọ̀lẹ ló mú mi. Ìyá Àgbà, orúkọ tí a fi ń ṣàpọ́nlé ọmọ yín nítorí ọgbọ́n orí rẹ̀, ni mo tẹ̀ sí i, mo wá fi ení, èjì, ẹ̀ta tì í. Mo gbàgbé pé ojoojúmọ́ lẹ ń na ọrùn lójú fèrèsé, tí ẹ ń fi orúkọ yẹn pe ọmọ wálé, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́.

Nígbà tí wáífáì ń falẹ̀, tí iléèwé tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ sì kọ ìwé ìkìlọ̀ sí yín, ẹ ní fíìmù tí ọmọ ń wò ló fà á. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo wá, ẹ gba fóònù rẹ̀ níṣojú mi, ẹ pè é ní òpùrọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ń sunkún pé òun ò wo nǹkan kan.

Bí ẹ ṣe wọ yàrá, mo yẹ inú ẹ̀rọ wò. Fóònù mẹ́rìnlá ni mo bá lórí rẹ̀, títí kan ti onígbàjámọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín àti tàwọn oníbàárà rẹ̀. Mo rọra fi pásíwọ́ọ̀dù gígùn míì sí i, mo tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà yín, mo sì panu mọ́. Lọ́jọ́ Ajé ẹ pè mí, ẹ ní, “Àbúrò mi, ìyà tí mo fi jẹ ọmọ yẹn ti ṣiṣẹ́ o. Wáífáì ti ń sáré.” Mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi.

Ẹlẹ́jọ́ tó mẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ẹ bínú sí mi bó ṣe yẹ. Àmọ́ kí ẹ tó bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fóònù ọmọ padà, kí ẹ sì sọ fún un pé òun kọ́ ni òpùrọ́ inú ẹbí wa.

Ẹ bá mi kí àna mi. Mi ò ní kí ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Èmi fúnra mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá bẹ̀ ẹ́.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
                                        Ọ̀gá Fóònù.